Ẹlẹ́rìí Láyẹni

Iṣẹ́ ìkòkò ni Àwẹ̀ró bá lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, òun náà ni ó sì fi ń tọ́ ọmọ mẹ́rin lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú. Amọ̀kòkò ni gbogbo obìnrin ìlú Ìdó-Amọ̀. Ẹsẹ̀ òkè kan ni wọ́n ti ń wa amọ̀, wọ́n sì ń bọ òkè náà lọ́dọọdún. Àwòrò Òkédìran ni ó ń ṣètò ẹbọ náà títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Láyẹni wọ aṣọ funfun, ó ní òkè bá òun sọ̀rọ̀. Ó ní òkè kò fẹ́ kí obìnrin kankan wa amọ̀ mọ́, àfi ẹni tí ó bá fa ewúrẹ́ kan lé òun lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá ṣàìgbọràn, ọmọ rẹ̀ ni yóò fi jìyà.

Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ni ó pa gbogbo ìyá lẹ́nu mọ́. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni ẹnikẹ́ni kò dé kòtò amọ̀. Àwẹ̀ró kò ní ewúrẹ́. Ó wo àwọn ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ti ń pín iṣu kan jẹ, ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Bí òun bá sọ̀rọ̀, tí ibà sì mú ọ̀kan nínú wọn lọ́la, òun ni aráyé yóò dá lẹ́bi. Bí òun bá sì dákẹ́, ebi ni yóò ṣe iṣẹ́ tí Láyẹni fi ń dẹ́rù bà wọ́n. Ó wé gèlè, ó gba ààfin lọ.

Ọba ránṣẹ́ pe Láyẹni, ìlú sì pé.

"Kábíyèsí," ni Láyẹni wí, "Àwẹ̀ró kò gba òkè gbọ́."

"Mo gba òkè gbọ́, Kábíyèsí," ni Àwẹ̀ró fèsì. "Ẹ̀gbọ́n wa, Láyẹni, ni n kò tíì gbà gbọ́. Wọn kì í ṣe òkè."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Láyẹni fajú ro. "Ó dáa. Kí ó fi hàn wá pé òkè kò bá mi sọ̀rọ̀."

Àwọn ìjòyè ń wo ara wọn, nítorí kò sí ẹni tí ó lè fi èyí hàn. Ṣùgbọ́n bí Àwẹ̀ró ti ń ro ọ̀rọ̀ náà ni ó rí ibi tí ó ti wọ́. Ó kúnlẹ̀.

"Kábíyèsí, bí mo bá ní òkè bá èmi náà sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí, pé kí Ẹ̀gbọ́n Láyẹni kó jáde nílé wọn fún mi, ǹjẹ́ wọ́n lè fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀? Wọn ò lè fi hàn. Ṣé kí n wá kó ẹrù mi wọlé ni? Ẹni tí ó gbé ẹrù wọjà ni í tú u kí á rí i. Èmi kọ́ ni mo gbé ọ̀rọ̀ yìí wá."

Ọba mi orí. "Òótọ́ ni. Láyẹni, ìwọ ni o sọ ọ́, ìwọ ni yóò fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ta ni ó wà níbẹ̀ nígbà tí òkè sọ̀rọ̀?"

Láyẹni wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò sí ẹni tí ó gbà kí ojú àwọn ṣe mẹ́rin. "Àwòrò Òkédìran ni, Kábíyèsí. Kó tó kú ni òkè sọ ọ́ fún àwa méjèèjì."

"Òkédìran tí a sin?"

"Òun ni. Ó wà lọ́run, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé n kò purọ́."

Ọba kò bínú. "A ti gbọ́," ni ó wí. "Ẹjọ́ kò tíì parí. A ó dúró de ẹlẹ́rìí rẹ kí ó wá sọ tẹnu rẹ̀. Títí yóò fi dé, kí àwọn obìnrin máa wa amọ̀ wọn."

Ẹ̀rín sọ láàfin. Lọ́jọ́ kejì, Àwẹ̀ró ni ó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, ibà mú ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀, ó mú ọmọ Láyẹni náà. Àwọn méjèèjì mu àgbo, ara wọn sì yá. Láyẹni bọ́ aṣọ funfun. Ibikíbi tí ó bá yà sí, wọn a bi í bóyá àlejò tí ọba ń retí ti dé.

Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà ti ń pa á lówe pé, ẹni tí yóò purọ́ ni í sọ pé ẹlẹ́rìí òun wà lọ́run.