Àdìgún Há Sínú Túùbù

Àwọn àgbà ní ọmọ tó káwọ́ sókè ló fẹ́ ká gbé òun. Èwo wá ni ti ọmọ onírùngbọ̀n tó há, tó sì kọ̀ tí kò káwọ́?

Nínú òtútù àárọ̀ ni Àdìgún ti fi páńpù fẹ́ túùbù táyà akẹ́rù títí tó fi le gan-an. Ó ki ara bọ ihò rẹ̀ dé ìbàdí, ó sì léfòó lọ sórí adágún omi láti fi ìwọ̀ pẹja. Nígbà tí oòrùn kanrí, ooru mú túùbù wú, ó sì fún ìbàdí rẹ̀ pinpin.

Làbákẹ́, ìyá rẹ̀, dúró létí omi, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Bí òòyì bá kọ́ ọmọ yìí, tí túùbù sì dojú dé ńkọ́?

“Àdìgún, ṣé kò sí o?”

“Kò sí, Màámi! Ẹja ńlá ni mò ń dẹ.”

“Pẹ̀lú ìwọ̀ tí kò ní ekòló lẹ́nu?”

Ó tún ju ìwọ̀ náà sómi. Làbákẹ́ bẹ Fádèyí atukọ̀, wọ́n sì jọ wa ọkọ̀ lọ bá a. Wọ́n fà á títí, kò bọ́, nítorí ó fi apá méjèèjì gbá túùbù mọ́ra.

“Káwọ́ sókè, ọkọ mi, ká lè gbé ọ.”

“Màámi, àwọn èèyàn ń wò wá!”

“Oòrùn náà ń wò ọ́.”

Nígbà tó yá, ó káwọ́. Wọ́n dì í mú lábíyá, wọ́n fà á: pọ́ọ̀! Àdìgún bọ́ sínú ọkọ̀, ṣòkòtò rẹ̀ kò tẹ̀lé e.

Fádèyí yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. Làbákẹ́ tú ìborùn rẹ̀ láti ró o mọ́ ọmọ rẹ̀ nídìí. Kò tíì sọ̀rọ̀ tí Àdìgún fi ká ọwọ́ méjèèjì sókè.