Ìpara Tí Àwẹ̀ró Yọ Kúrò Nínú Ẹbọ

Àwọ̀ Kì Í Ṣe Ẹ̀wù, Ẹni Tó Bá Bọ́ Ọ, Òtútù Ní Í Pa Á, òun ló dífá fún Àwẹ̀ró, adúmáadán, lọ́jọ́ tí ó ń sunkún àìrọ́mọbí.

Ẹ̀yin ọmọ mi, Àwẹ̀ró ti ń bóra kí ó tó wọlé ọkọ. Ìpara kan ni wọ́n ń tà lábẹ́lẹ̀ nígbà náà, nítorí ọba ti fòfin de oògùn inú rẹ̀. Oògùn náà ń bó ara bí ẹní bó ẹ̀pà, ó sì ń bá ẹ̀jẹ̀ wọnú kíndìnrín lọ.

Ifá ní Àwẹ̀ró yóò bímọ. Kí ó rú ẹyẹlé, kí ó sì kó gbogbo ìpara ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ẹbọ. Àdín àti osùn nìkan ni kí ó máa fi pa ọmọ lára.

Ó rú ẹyẹlé. Ó ti ìpara bọ abẹ́ ibùsùn, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Èṣù tó dúdú báyìí, kí ló fẹ́ fi ìpara ṣe? Àbí òun náà fẹ́ pọ́n ni?”

Ó bí Ifáwùmí. Ọmọ pupa fòò, bí ọmọ tuntun ṣe máa ń rí. Ìyá ọkọ rẹ̀ yẹ ṣóńṣó etí ọmọ wò, nítorí ibẹ̀ la fi ń mọ àwọ̀ tí yóò gbà dàgbà.

“Hẹ̀ẹ́! Dúdú minimini. Bàbá rẹ̀ ni yóò jọ!”

Inú ìyá àgbà dùn. Ti Àwẹ̀ró bàjẹ́. Bí ilé bá ti dá, á fa ìpara yọ, á fi pa ọmọ. Àwọn aládùúgbò ń kí i pé, “Ìyá òyìnbó, o kú ọmọ o!” Orí rẹ̀ ń wú.

Nígbà tó yá, ojú ọmọ ni ó wú. Kò tọ̀ mọ́. Kò mu ọmú.

“Ìyàwó mi, kí lo fi ń pa ọmọ yìí lára?”

“Àdín ni, Màámi.”

“Àdín? Àdín wo ni kì í rùn?”

Àwẹ̀ró fa ìpara yọ lábẹ́ ibùsùn, ó sáré lọ sídìí Èṣù. “Ẹ gbà á o! Gbogbo rẹ̀ nìyí!” Kí ó tó padà, ọmọ ti kú.

Ìyá ọkọ ló wẹ òkú rẹ̀. Ara funfun bí iṣu tí a bó. Ṣóńṣó etí nìkan, tí ọwọ́ ìyá kò rántí, ló ṣì dúdú, tí ó ń dán.

Àwẹ̀ró kò bímọ mọ́ títí ó fi kú.

Èṣù kò bá a jà o. Ohun tí Ifá ní kó kó mọ́ ẹbọ ló bá a jà. Ẹni tó bá gbọ́ràn ní í gbọ́mọ pọ̀n. Ẹbọ tí a bá rú pé ní í gbeni. Èyí tí a bá yọ nínú rẹ̀, ilé wa ni a ó ti bá a.