Èènì Ẹfúndùn àti Kóńgò Òkété

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Òkété pe Ẹfúndùn ní olè. Mo ní olè! Ó pè é bẹ́ẹ̀ lójú ọjà, níṣojú àwọn oníbàárà.

"Háà! Kí ló jí, Màmá?"

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fetí sílẹ̀.

Ní ìgbà kan rí, Òkété àti Ẹfúndùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ ń ṣòwò gàrí. Òkété ń wa ẹ̀gẹ́ lóko, Ẹfúndùn ń yan gàrí, ó sì ń tà á. Bó bá ti wọn kóńgò kan tán, á bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e ní èènì.

Òkété ò dé ọjà rí. Ọjọ́ tó débẹ̀, ṣe ló lanu sílẹ̀.

"Ẹfúndùn! Gàrí ta lò ń fọ́n ká yẹn?"

"Èènì ni o. Ta ní í rajà tí kì í gbèènì?"

"Ta lo bi? Èmi tí mo fi èékánná walẹ̀, mo ní kí o máa fi òógùn mi ṣàánú? Olè ni ọ́!"

Ẹfúndùn káwọ́ lérí. "Èmi? Olè?"

"Ìwọ ni mo wí. Èmi ni n ó tà á lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀."

Ló bá gbé kóńgò relé, ó fi òkúta lu ìdí rẹ̀ wọnú.

"Òkété, báyìí nìwà rẹ!"

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ dúró ná. Ọjọ́ ọjà pé, Ẹfúndùn náà wà níbẹ̀. Òkété tà, kò bu èènì, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Àfi ìgbà tí ìyá arúgbó kan tí kò ríran ki ọwọ́ bọ inú kóńgò.

"Yéè! Ẹ gbà mí! Kóńgò yìí yọ iké sínú!"

Ẹ gbọ́ èsì Òkété. Ojú ò tì í!

"Èmi kì í jalè. Èènì tí Ẹfúndùn ti ń kó fún yín ni mò ń gbà padà. Ẹ̀tọ́ mi ni."

Ẹnu ya gbogbo ọjà. Ẹni tó ka èènì sí olè, òun náà ló ka jìbìtì sí ẹ̀tọ́!

Ewúrẹ́, tó jẹ́ ìyálọ́jà, dìde. "Òkété, jáde lọ́jà. Ẹfúndùn, ìwọ náà, jáde. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ni kóńgò."

Ẹfúndùn dúró bí ẹni tí ààrá sán lù.

Ẹ̀yin ọmọ, kálukú ló ní òṣùwọ̀n tirẹ̀ nínú. Ẹ bi alájọṣe yín ohun tó ń pè ní ẹ̀tọ́, kí ẹ tó jọ gbé igbá ọjà. Ẹni tó ń fi ti inú rẹ̀ nìkan dájọ́, á jalè, á tún sùn dáadáa.

Mo sọ àlọ́ mi kalẹ̀. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, kí itọ́ gbẹ mí lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n ìyálọ́jà, Ẹfúndùn ń bi ọ́, èmi náà ń bi ọ́: ẹni tó bù sí i àti ẹni tó bù kúrò níbẹ̀, ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n? Dáhùn!