Bí Wọ́n Ṣe Sọ Ìkókó Ní Àgbàlagbà

Nígbà láéláé, nígbà tí ewúrẹ́ ṣì ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Hódẹ̀sì. Ìlú àwọn Júù tó ń sọ èdè Yídíṣì ló ń gbé, níbi tí yìnyín ti máa ń bo òrùlé bí ìyẹ̀fun.

Hódẹ̀sì sọ àkọ́bí rẹ̀ ní Féígẹ́lẹ̀, ìyẹn ẹyẹ kékeré. Ó sọ èkejì ní Blúmà, ìyẹn òdòdó. Ṣùgbọ́n Ikú a máa fetí sí ọ̀rọ̀ lábẹ́ fèrèsé. Bó bá ti gbọ́ orúkọ tó dùn bẹ́ẹ̀, á ní, "Ọmọdé wà níbí," á sì wọlé. Báyìí ló ṣe gbé àwọn méjèèjì lọ.

Nígbà tí Hódẹ̀sì bí ẹ̀kẹta, kò sọ ọ́ lórúkọ rárá. Síbẹ̀, ara ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná.

Ewúrẹ́ ilé na ọrùn, ó wo ọmọ náà níbi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí.

"Háà! Orí pípá, ẹnu tí kò léyín, iwájú orí tó hunjọ! Hódẹ̀sì, ṣé ìyá-ìyá rẹ lo tún bí ni? Álítẹ̀ lèyí!"

Álítẹ̀, ní èdè wọn, ni àgbàlagbà obìnrin. Ẹ̀rín pa Hódẹ̀sì. Ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín ni ẹnìkan ti kan ilẹ̀kùn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Ikú wí, ó ń gbọn yìnyín kúrò lára aṣọ. "Wọ́n ní ọmọdé kan ń ṣàìsàn níbí."

Hódẹ̀sì kò gbójú kúrò lára ìyẹ̀fun tó ń pò. "Ọmọdé kẹ̀, Bàbá? Álítẹ̀ nìkan ló wà níbí. Kò léyín, kò lè rìn, èmi ni mò ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu."

Ọmọ náà figbe ta.

"Ohùn rẹ̀ mà ṣì le o!"

"Ebi ni, Bàbá. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé arúgbó kì í fara da ebi."

Irùngbọ̀n ewúrẹ́ ń gbọ̀n. Ẹ̀rín ti kún ikùn rẹ̀. "Bàbá, ọm..." ló bẹ̀rẹ̀.

Kíá ni Hódẹ̀sì ki ewé kábéèjì bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

"Kí ló ń wí?" Ikú béèrè.

"Omi ni. Ó ní kí ẹ mu omi kí ẹ tó máa lọ."

"Rárá o, ẹ ṣeun. Iṣẹ́ arúgbó kọ́ ni wọ́n rán mi lónìí. Ẹ bá mi kí Màmá." Ikú bá ọ̀nà rẹ̀ lọ, ara ọmọ náà sì tutù pẹ̀sẹ̀. Álítẹ̀ dàgbà, ó gbó, títí eyín rẹ̀ fi tún tán lẹ́nu.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn ìyá ìlú yẹn ti ń sọ ọmọbìnrin tí wọn ò fẹ́ kí Ikú gbé ní Álítẹ̀. Láti ọjọ́ náà sì ni ewúrẹ́ kò ti sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ wò ó nígbà tó bá dùbúlẹ̀, tí kò sí koríko nítòsí, ẹnu rẹ̀ á ṣì máa lọ. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ lọ́jọ́ yẹn ló ń jẹ. Kò tíì rí i gbé mì.