Ẹjọ́ Ìyanda Agégẹdú ní Igbó Elétí-Mẹ́fà

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ẹ pa ìwé òfin yẹn dé ná, kí ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí. Ọdẹ́jọbí ni orúkọ mi, ọmọ ọdẹ ni mí, èmi náà sì ṣọdẹ kí n tó di agbẹjọ́rò. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń rojọ́ fún àwọn tí wọ́n lé kúrò lórí ilẹ̀ bàbá wọn àti àwọn tí wọ́n tì mọ́lé láìṣẹ̀. Mo kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní yunifásítì, mo gbé pátákó ìfẹ̀hónúhàn kiri títì, tajútajú fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mi lójú. Orúkọ mi ròkè, ìgbéraga sì wọ̀ mí lára.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Àṣàkẹ́, ìyàwó Ìyanda agégẹdú, wọ ọ́fíìsì mi, ó kúnlẹ̀, ó ń sunkún. "Bàbá, ẹ gbà mí! Igi tí bàbá ọkọ mi gbìn ni ọkọ mi gé. Àwọn iwin sọ pé igbó àwọn ti gba oko náà, pé igi àwọn ló gé. Ó dọdún mẹ́ta tí wọ́n ti mú un lọ, wọn ò sì gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀." Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo ká aṣọ agbẹjọ́rò mi sínú àpò, mo forí lé igbó.

Igbó náà ṣú, ó tutù, ó ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ. Iwin kan tí ojú rẹ̀ wà láyà dènà dè mí. Ó ní, "Ọmọ aráyé, ta ló ni ẹjọ́ tí o gbé wá yìí?"

Mo ní, "Èmi Ọdẹ́jọbí ni mo ni ín."

Ó wò mí tàánú-tàánú, ó ní kí n kọjá.

Elétí-Mẹ́fà ni adájọ́ wọn. Etí mẹ́fà ló ní, kò sì fi ẹyọ kan gbọ́ ti tálákà rí. Wọ́n fi ìtàkùn de Ìyanda sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ti rù kan eegun. Mo rojọ́ láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Mo ní kí wọ́n mú ẹni tó rí ọjọ́ tí igbó gba oko wá, wọn ò rí ẹlẹ́rìí kankan. Omijé ń bọ́ lójú àwọn iwin. Ìyanda wá ń fa aṣọ mi, ó rọra ń sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, nǹkan kan wà tí ẹ ò mọ̀ níbí..."

Mo kanra mọ́ ọn. "Dákẹ́! Ta ni agbẹjọ́rò nínú èmi àti ìwọ?"

Bí mo ṣe parí ọ̀rọ̀, mo tẹrí ba fún adájọ́, gẹ́gẹ́ bí àwa agbẹjọ́rò ti máa ń ṣe ní gbogbo kóòtù. Ariwo ta. Elétí-Mẹ́fà dìde, ó ní, "Nínú igbó yìí, ẹni tó bá tẹrí ba níwájú mi ti gbà pé òun jẹ̀bi. Agbẹjọ́rò Ìyanda ti bá a gbà."

Ohun tí ọkùnrin náà fẹ́ sọ fún mi nìyẹn. Ọdún mẹ́ta ló ti ń wo bí wọ́n ṣe ń dájọ́. Mo bẹ̀, mo sunkún, wọn ò gbà. Ẹsẹ̀ Ìyanda ta gbòǹgbò, èèpo igi bo àyà rẹ̀, ó bo ẹnu rẹ̀. Ojú rẹ̀ ló kẹ́yìn, èmi ló sì ń wò.

Ìtìjú ni mo gbé délé, mo sì ròyìn bí Ìyanda ṣe di igi. Àṣàkẹ́ bi mí pé, "Bàbá, kí ni ọkọ mi sọ kẹ́yìn?"

Mo ní, "N ò jẹ́ kó sọ ọ́."

Kò bá mi jà. Ó bu omi sínú garawa, ó ní kí n júwe ọ̀nà ibi tí igi náà wà fún òun.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ni mo ti jàre, èyí nìkan ni mo ń rántí. Kí ẹ tó gba ẹnu ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó sọ tirẹ̀ tán. Ó tó báyìí. Ẹ máa lọ sílé.