Ìdí Tí Eéṣú Kò Fi Lè Jókòó

Nígbà láéláé, kò sí ohun tó ń jẹ́ eéṣú láyé. Tata nìkan ló wà. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìyá ọ̀tọ̀ ló bí eéṣú, ìyá ọ̀tọ̀ ló bí tata, ẹ ní kó wá bá mi.

Tata ìgbà náà tutù yọ̀yọ̀ bí ewé tó ń jẹ. Ó ní ìdí koríko tirẹ̀, kì í sì í jìnnà síbẹ̀. Á jẹun láàárọ̀, á yá oòrùn, á tún jẹun, á sùn. Ọ̀lẹ ni, ṣùgbọ́n ọ̀lẹ tí kì í dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ni.

Ohun kan ṣoṣo ló ń bà á nínú jẹ́: òórùn tata mìíràn. Ṣé ẹ rí ìwo tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó wà lórí tata? Ìyẹn ni imú rẹ̀, òun ló fi ń gbóòórùn. Bí tata mìíràn bá ti sún mọ́ ọn, ìwo náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, orí á máa fọ́ ọ.

Nítorí náà, tata kì í bẹ tata wò. Bí wọ́n bá rí ara wọn lókèèrè, ọ̀kan á gbé ẹsẹ̀ sókè, á ní, "Ẹ kú ìjìnnà o!" Èkejì á dáhùn pé, "Ìjìnnà á pẹ́ láàárín wa o!" Ẹ̀kọ́ ilé nìyẹn lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tó bá wá kí ọ dé ìdí koríko rẹ, aláìlójútì gbáà ni.

Ìyá pàápàá kì í dúró ti ọmọ. Á gbẹ́ yanrìn tútù, á yé ẹyin sí i, á bò ó, á bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí ọmọ bá jáde, kò ní rí ìyá, kò sì ní mọ̀ pé ó yẹ kí òun ní. Wọn kì í sọ ọmọ lórúkọ, nítorí ta ni yóò pè é? Tata tí orúkọ bá wù, á sọ ara rẹ̀ lórúkọ.

Obìnrin tata kan wà tó sọ ara rẹ̀ ní Àwẹ̀ró. Ó gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu àwọn tó ń kọjá lọ sóko, ó dùn mọ́ ọn, ó sì mú un. Ẹnikẹ́ni kò fi pè é rí.

Ọdún kan wá dé tí òjò kọ̀ tí kò rọ̀. Ọ̀dá mú pápá. Koríko gbẹ, ó ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ lù ú. Ọdún yẹn gan-an ni ẹyin kún inú Àwẹ̀ró. Ó fi ìrù gbẹ́ ilẹ̀ níbí, yanrìn gbóná bí agbada gààrí. Ó gbẹ́ ilẹ̀ lọ́hùn-ún, bákan náà ni.

"Bí mo bá yé ẹyin yìí síbí," ó sọ fún ara rẹ̀, "yóò yan ni, kò ní pa. Gbogbo ọmọ tó wà nínú mi á sì ṣòfò."

Ibì kan ṣoṣo ló kù tí yanrìn ṣì tutù. Etí odò kékeré kan ni, níbi tí odò ti ṣẹ́ kọ́rọ́, tí koríko tútù díẹ̀ kù sí. Ṣùgbọ́n gbogbo tata tó wà ní pápá ló ti mọ̀ ọ́n. Gbogbo wọn ló ti sá lọ síbẹ̀.

Àwẹ̀ró fò lọ síbẹ̀. Kí ó tó dé, òórùn wọn ti gbá a lójú. Orí rẹ̀ fẹ́ là. Ó sá padà. Ẹyin mira nínú rẹ̀, ó tún lọ. Òórùn tún lé e padà. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, kò lè dúró, kò lè jókòó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Bàbá Yímíyímí ló rí i. Kòkòrò dúdú àgbà ni Yímíyímí, ó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yí ìgbẹ́ màlúù lọ sílé, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí," ó ní, "láti àárọ̀ lo ti ń fò kọjá lórí ẹrù mi. Kí lo sọ nù?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹyin ló kún inú mi. Etí odò ni mo fẹ́ yé e sí, òórùn àwọn ẹgbẹ́ mi kò jẹ́ kí n débẹ̀." Ó wo ohun tí Yímíyímí ń yí, ó fọwọ́ bo ìwo rẹ̀. "Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá? Báwo lẹ ṣe ń fara da tiyín? Mi ò fẹ́ rí yín fín o, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ń yí yìí..."

Yímíyímí bú sẹ́rìn-ín. "Sọ ọ́ jáde, kì í ṣe àṣírí. Ìgbẹ́ ni. Ní tèmi, ó ń ta sánsán bí ọbẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀."

Àwẹ̀ró fò sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan.

"Jókòó, kí n là á yé ọ," ni Yímíyímí wí. "Ìwo orí rẹ yẹn, ilẹ̀kùn wẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀. Òórùn kọ̀ọ̀kan ló ní ilẹ̀kùn tirẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n bí mọ́ ọ tí wọn ò tíì ṣí fún ọ rí. Aṣọ́lẹ̀kùn kan wà nínú orí rẹ, òun ló ń ṣí wọn, òun ló ń tì wọ́n. Bí ebi bá ń pa ọ́, á ṣí ti oúnjẹ sílẹ̀ gbayawu. Bí o bá yó, á rọra tì í. Òórùn wà bó ṣe wà, ọmọ mi. Aṣọ́lẹ̀kùn ló ń sọ èyí tó máa dùn àti èyí tó máa rùn."

"Bàbá, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́!"

"Kì í gbẹ̀bẹ̀. Ohun tí ara bá sọ fún un ló ń gbọ́. Ẹ̀yin tata, itan ẹ̀yìn yín ló fi ń gbọ́ tiyín. Bí ara tata mìíràn bá ń kan itan rẹ, tó ń kàn án léraléra, aṣọ́lẹ̀kùn á ní, 'Hẹn-ẹ́n, ayé ti há, a ò dá wà mọ́.' Á ti ilẹ̀kùn tó ń mú ọ sá fún wọn. Á ṣí èyí tó ń fà ọ́ mọ́ wọn."

Àwẹ̀ró ti dìde, ó fẹ́ máa lọ.

"Dúró!" ni Yímíyímí pariwo. "Mi ò tíì parí. Bí o bá ti yé ẹyin tán, jáde níbẹ̀ kíá. Bí aṣọ́lẹ̀kùn yẹn bá pẹ́ lórí ìdúró, kì í fẹ́ jókòó mọ́. Kò ní jókòó, kò sì ní jẹ́ kí ìwọ náà jókòó. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá."

"Mo gbọ́, mo gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo yín máa ń wí." Ó bá tún kọjú sí ẹrù rẹ̀.

Àwẹ̀ró di ojú, ó kó wọ àárín wọn. Ariwo tó wà níbẹ̀ kò kéré. Gbogbo tata ń fi ẹsẹ̀ ti ara wọn, wọ́n ń pariwo, "Ẹ kú ìjìnnà! Mo ní ẹ kú ìjìnnà!" bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìjìnnà kankan níbẹ̀ mọ́. Àgbàlagbà tata kan tó ń bínú ju gbogbo wọn lọ ló kọ́kọ́ kàn.

"Obìnrin, ṣé o ò rí mi ni?"

"Mo rí yín, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí itan yín kan tèmi."

"Kí ni? Ṣé ọ̀dá yìí ti dà ọ́ lórí rú ni?"

Ó tì í. Àwẹ̀ró ṣubú lu ẹlòmíràn, ìyẹn náà tì í padà. Wọ́n ń tì í síwá, wọ́n ń tì í sẹ́yìn, itan ń kan itan. Orí ń fọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó fara dà á nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀.

Nígbà tó yá, ìwo rẹ̀ kò gbọ̀n mọ́. Ó fa òórùn wọn símú, ó tún fà á. Òórùn yẹn náà ni, ṣùgbọ́n ó ti ń dùn, ó ń dùn bí ewé tuntun tí ìrì sẹ̀ sí. Ó gbójú sókè. Bàbá oníbìínú náà dúró síbẹ̀, ó ń wò ó, ojú rẹ̀ ti rọ̀.

"Ọmọ mi," ó ní, "kí ni wọ́n ń pè ọ́?"

"Wọn ò pè mí rí, Bàbá. Àwẹ̀ró ni mo ń jẹ́."

"Àwẹ̀ró." Ó pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, jẹ́jẹ́. "Oyèníran ni mo sọ ara mi. Mo ti gbó mọ́ orúkọ náà, n kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni."

"Ẹ kú àtijọ́, Bàbá Oyèníran," ni Àwẹ̀ró wí. Omi gba ojú bàbá náà.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo wọn ni itan wọn ti kanra. Ẹ ò rí ayọ̀! Wọ́n ń pe orúkọ ara wọn, wọ́n ń dáhùn, wọ́n tún ń pè é nítorí pé ó dùn ún pè. Àwẹ̀ró gbẹ́ yanrìn tútù, ó yé ẹyin rẹ̀, ó bò ó dáadáa.

Ó rántí ọ̀rọ̀ Yímíyímí. Ó na ẹsẹ̀ láti fò. Àmọ́ níbo ni yóò fò lọ? Sídìí koríko gbígbẹ tí kò ti sẹ́ni tó máa pè é? Ó wo ibi tí ó bo ẹyin sí. Kò sí ìyá tata tó rí ojú ọmọ rẹ̀ rí.

"N ó dúró kí n rí wọn," ó ní. "Ẹ̀yìn ìyẹn ni n ó lọ."

Ó jókòó. Àwọn ìyá yòókù rí i, àwọn náà jókòó. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bá a wí tí ẹ bá lè bá a wí. Èmi ò lè bá a wí.

Bí wọ́n ti ń dúró, ara wọn ń yí padà. Àwọ̀ ewé kúrò lára wọn, dúdú àti yẹ́lò rọ́pò rẹ̀. Oorun fò lọ lójú wọn. Wọ́n á jókòó, wọ́n á dìde, wọ́n á tún jókòó, ẹsẹ̀ á máa jó wọn. Aṣọ́lẹ̀kùn ti dìde dúró nínú orí gbogbo wọn, ó ń ṣí ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni kò ṣí rí.

Níkẹyìn, ẹyin pa. Àwọn ọmọ tó jáde kò tutù bí ewé. Láti inú ẹyin ni wọ́n ti dúdú, láti inú ẹyin ni aṣọ́lẹ̀kùn tiwọn ti wà lórí ìdúró. Àwẹ̀ró na ìwo rẹ̀ sáàárín wọn, ó sì mọ tirẹ̀. Èyí tó kọ́kọ́ jáde ló sọ ní Morẹ́nikéjì.

"Màmá," ni Morẹ́nikéjì pè é. Tata kankan kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí láyé. Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín, ó sunkún pọ̀ mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n ẹnu ti pọ̀ jù létí odò. Koríko tán. Wọ́n jẹ gbòǹgbò, gbòǹgbò tán. Ó rẹ Bàbá Oyèníran, ó sì jókòó láti sinmi díẹ̀. Ọ̀dọ́ kan tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wò ó, ebi ń pa á, omi àti iyọ̀ wà lára bàbá náà. Ó gé e jẹ nídìí.

Oyèníran ké, ó fò síwájú, ó sọ lu ẹni tó wà níwájú. Ẹni yẹn bojú wẹ̀yìn, ó rò pé òun ni wọ́n fẹ́ gé jẹ, òun náà sá. Báyìí ni gbogbo agbo náà ṣe mì, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. "Ẹ sún síwájú! Ẹ sún síwájú!" Kò sẹ́ni tó sọ ibi tí wọ́n ń lọ.

Àwẹ̀ró fa Morẹ́nikéjì lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n yà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti bọ́ sí gbangba, ìwo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn yòókù. Ibi tí kò sí òórùn wọn ló wá dà bí ibi tí kò sí afẹ́fẹ́.

"Màmá, ibẹ̀ yẹn ni gbogbo èèyàn wà," ni ọmọ náà wí. Ó já ọwọ́ gbà, ó sá padà. Ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e.

Wọ́n rìn, wọ́n rìn. Àwẹ̀ró wà níwájú, Morẹ́nikéjì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó rẹ Àwẹ̀ró. Ó dẹsẹ̀ dúró, ó fẹ́ yíjú padà.

"Morẹ́nikéjì, wá, jẹ́ n gbá ọ mọ́ra."

"Màmá, ẹ má dúró."

"Díẹ̀ báyìí ni, ọmọ mi. Láti ọjọ́ tí mo ti bí ọ, n kò tíì ráyè wo ojú rẹ dáadáa."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ!" Ohùn ọmọ náà ń gbọ̀n. "Ebi ń pa mí, ẹ̀yin lẹ sì wà níwájú mi."

Àwẹ̀ró rí i bí ẹnu ọmọ rẹ̀ ṣe ń ṣí. Ó kọjú síwájú, ó sì ń lọ.

Láti ọjọ́ náà ni eéṣú ti wà láyé, tó ń lọ ní ọ̀wọ́ ńlá, tó ń bà, tó ń jẹ, tó sì ń gbéra kí ìdí rẹ̀ tó kan ilẹ̀ dáadáa. Ẹni tó wà níwájú kò lè dúró nítorí ẹni tó wà lẹ́yìn.

Nígbà mìíràn, afẹ́fẹ́ a máa já ọ̀kan kúrò láàárín wọn, á gbé e sọ sórí koríko kan lẹ́yìnkùlé ẹnìkan. Bó bá dá jókòó pẹ́ níbẹ̀, aṣọ́lẹ̀kùn á rọra jókòó, àwọ̀ ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá. Tata nìyẹn.

Ìdí sì nìyẹn tí tata fi máa ń fò bí ẹ bá na ìka sí i lẹ́yìn, bó ti wù kí ẹ rọra ṣe é tó. Kì í ṣe ìka yín ló ń bà á lẹ́rù. Kò fẹ́ kí ohunkóhun kan òun nítan, kó má baà tún máa wù ú láti ní ẹnìkejì.