Káfíńtà Tó To Irin Gìtá Sórí Ìlà

Ọkùnrin kan wà ní ìlú wa tẹ́lẹ̀ tí kò lè rí ohun tó wọ́ kí ó má tún un ṣe. Káfíńtà ni. Bí ó bá wọ ilé ẹlòmíràn, kí ó tó kí onílé tán, ojú rẹ̀ á ti wà lára férémù fèrèsé. Nígbà kan tí a ń ṣe ìsìn ìdágbére fún òkú, ó dìde lórí ìjókòó rẹ̀, ó lọ tún àwòrán olóògbé tó tẹ̀ lára ògiri gbé kọ́, gbogbo ọmọ òkú sì ń wò ó. Kì í ṣe pé ó fẹ́ rí wọn fín. Ohun tó bá ti wọ́ kàn máa ń ta á lójú ni. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sókè ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé TÀÀRÀ NI. O mọ irú wọn. Àwọn èèyàn sì fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀, torí ilẹ̀kùn tí ó bá kàn kì í há.

Ìyàwó rẹ̀ ni ó ń ta gìtá oníná nínú ìjọ. Ó ti ń ta á kí wọ́n tó fẹ́ra. Bí obìnrin yìí bá gbé gìtá kọ́rùn lọ́jọ́ ìkórè, àwọn àgbà tí orúnkún ń dùn á gbàgbé orúnkún.

Ní ọdún kan, òrùlé yàrá wọn bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ìyàwó sọ fún un. "Bàbá Ìtùnú, ẹ bá wa wo páànù yìí o." Ìtùnú ni orúkọ àkọ́bí wọn. Ọkọ ní òun ti gbọ́. Ó tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ọkọ tún ti gbọ́. Òrùlé àwọn ẹlòmíràn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, tirẹ̀ lè dúró. Lẹ́yìn náà ni ìyàwó lọ kí ìyá rẹ̀ lábúlé, òjò sì rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Nígbà tí ó dé, tí ó ṣí àpótí gìtá, omi ló kọ́kọ́ dà jáde. Igi rẹ̀ ti wú, ó ti là láàárín. Àwọn irin ìdí rẹ̀ ti dípẹtà, wọ́n ń rún mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọrùn gìtá nìkan ló yè, àti àwọn òòfà tó ń gbé ohùn okùn lọ sínú sípíkà.

Kò pariwo. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu ọrùn gìtá náà, ó ní, "Kò burú. Mo ti ta á tó." Ọjọ́ kejì ni ó lọ sọ fún olórí akọrin pé kí wọ́n má ka òun mọ́ ti ìkórè.

Ọkùnrin tó bá ti gbé ìyàwó fún ogún ọdún mọ̀ pé "kò burú" burú. Ì bá sàn kí ó bú u. Káfíńtà yìí jókòó sórí pákó nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò lè ṣiṣẹ́, ó sì jẹ́jẹ̀ẹ́ fún ara rẹ̀ pé kí ìkórè tó dé, òun á fi ọwọ́ òun gbẹ́ gìtá mìíràn fún un. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló kù.

Ó wá igi ọ̀mọ̀ tó gbẹ dáadáa, èyí tí kì í wúwo léjìká. Ó gé e, ó fá a, ó fi sànpépà ha á títí ó fi ń dán bí awọ ọmọ tuntun. Ó ti ọrùn àtijọ́ bọ̀ ọ́, ó gbẹ́ ihò fún àwọn òòfà. Ó wá ku irin kan ṣoṣo. Ní ìdí gìtá, irin kan wà tí okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń fẹ̀yìn tì kí wọ́n tó gba ọrùn lọ. Bíríìjì ni àwọn olórin ń pè é. Bí ìyẹn kò bá dára, gbogbo igi tó kù, àga lásán ni.

Bàbá kan wà ní ìsàlẹ̀ ọjà tó ń tún rédíò àti sípíkà ṣe. Bàbá Oníredíò la mọ̀ ọ́n sí. Ó gbé agolo bísíkíìtì kan wá, ó tú àwọn irin inú rẹ̀ sílẹ̀, ó sì mú bíríìjì méjì jáde. Ọ̀kan ń dán bíi wúrà, ọ̀pá irin kan ṣoṣo ni, ó gún régé. Èkejì ti ṣá. Irin kéékèèké mẹ́fà ló wà lórí rẹ̀, okùn kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì dúró ségesège: ọ̀kan lọ síwájú, ọ̀kan fà sẹ́yìn, bí èrò tó ń dúró de omi ẹ̀rọ.

"Èwo ni kí n mú, bàbá?"

"Èyí tó ṣá yẹn ni kí o mú, káfíńtà."

"Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ó wọ́."

Bàbá Oníredíò fẹ́ sọ̀rọ̀, àmọ́ ẹnìkan gbé fáànù tó ń rùn wọlé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí èéfín ti ń jáde. Káfíńtà wo ọ̀tún, ó wo òsì. Èyí tó gún ni ó mú lọ sílé.

Ó dè é mọ́ gìtá, ó fi okùn sí i, ó gbé e fún ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Obìnrin náà ta okùn rẹ̀ lásán, ó dùn. Ọkọ ti fẹ́ máa rẹ́rìn-ín. Ìyàwó wá gbé ọwọ́ òsì gun ọrùn gìtá lọ, bí ó sì ti ń gun òkè ni ohùn ń kan. Ó dà bí ìgbà tí àwọn méjì ń kọ orin kan náà tí ọ̀kan nínú wọn ń tòògbé.

"Ó wuyì púpọ̀, Bàbá Ìtùnú," ni ìyàwó wí. "Ẹ ṣeun." Ó sì fi í kọ́ ara ògiri.

Káfíńtà di ẹ̀bi ru igi. Ó di í ru ọrùn, ó di í ru okùn. Ó tú gìtá náà palẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó tún un tò lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí kò rí ẹni tó kù láti dá lẹ́bi, ó padà lọ bá Bàbá Oníredíò, ó ní òun wá gba èyí tó ṣá. Bàbá gbé e fún un, ó ní, "Mú un lọ bó ṣe wà o."

"Ó ti yé mi, bàbá."

Mo bẹ̀ ọ́, kí lo rò pé ó ṣe nígbà tó délé? Ó gbé irin náà sórí tábìlì, ó wò ó, ó mú ojú kúrò, ó tún wò ó. Ara rẹ̀ kò gbà á. Ó mú rúlà, ó fi lé wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì yí àwọn ìdè wọn, ìṣó kéékèèké tó ń tì wọ́n síwá sẹ́yìn, lọ́kọ̀ọ̀kan títí irin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fi to sórí ìlà kan bí ọmọ ilé ìwé lórí pápá. Ìgbà yẹn ni ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó dè é mọ́ gìtá.

Ó tún kan.

Ìkórè ku ọjọ́ mẹ́jọ. Ìyàwó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Bàbá Ìtùnú, ẹ fi í sílẹ̀. Mo ti ní kí wọ́n fi dùùrù nìkan ṣe é." Kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí gìtá ti bàjẹ́ ni kò ti kọrin nínú ilé, kódà nígbà tó bá ń fọṣọ. Ìyẹn gan-an ló ń ba ọkọ lẹ́rù. Ó ń bẹ̀rù pé òrùlé tí òun fi falẹ̀ ti mú ohun kan lọ nínú ilé òun, ohun tí ayùn òun àti rúlà òun kò ní lè gbé padà wá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, tí í ṣe Sátidé, Bàbá Oníredíò wá gba àpótí ìjókòó kan tí káfíńtà ń bá a kàn. Ó rí gìtá lára ògiri. Ó súnmọ́ ọn, ó tẹ̀ ba, ó wo ìdí rẹ̀, ẹ̀rín sì bú lẹ́nu rẹ̀.

"Ta ló to àwọn yìí báyìí?"

"Èmi ni, bàbá. Wọ́n wọ́ nígbà tí mo gbà á."

"Ta ló sọ fún ọ pé wọ́n wọ́? Káfíńtà, okùn mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan sanra bí igi ìṣáná, ọ̀kan tín-ín-rín bí irun. Ṣé ibì kan náà ni ìwọ fẹ́ kí gbogbo wọn dúró sí? Ibi tí kálukú dúró sí yẹn ni ohùn rẹ̀ ti pé. Ojú kọ́ ni wọ́n fi ń tò wọ́n, etí ni."

Ó ké sí ìyàwó náà. Obìnrin náà jáde wá láti ilé ìdáná, ó nu ọwọ́, ó gbé gìtá kọ́rùn nítorí pé àgbà ló ní kó gbé e. Bàbá Oníredíò kúnlẹ̀ sídìí gìtá pẹ̀lú irin ìtúdè kékeré tí wọ́n fi ń yí ìdè.

"Ta èyí tó nípọn jù lásán. Ó dáa. Tẹ̀ ẹ́ ní ìdajì wàyí, kí o tún un ta. Ṣé ohùn wọn bára mu?"

"Èyí tí mo tẹ̀ ga díẹ̀, bàbá."

Ó yí ìdè, irin kékeré náà sì fà sẹ́yìn. "Tún un ta."

"Ó ṣì ga."

Ó tún yí i. Irin náà ti jìnnà sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ báyìí, káfíńtà sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ìka rẹ̀ ń yún un. Ó na ọwọ́ díẹ̀. Bàbá Oníredíò kò gbójú sókè.

"Káfíńtà, dijú."

"Ẹ̀n-ẹ́n, bàbá?"

"Mo ní kí o dijú rẹ."

Ó dijú. Nínú òkùnkùn ojú rẹ̀, ó gbọ́ okùn náà lẹ́ẹ̀kan, ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, àwọn méjèèjì kò yàtọ̀ síra. Wọ́n bọ́ sórí èkejì, wọ́n bọ́ sórí ẹ̀kẹta. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi parí ẹ̀kẹfà. Ìyàwó gbé ọwọ́ òsì gun ọrùn gìtá lọ, ohùn sì ń tẹ̀ lé e gòkè, ó mọ́ gaara, títí dé ìpẹ̀kun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta orin ìkórè. Kò pẹ́ tí ó fi ń kọ ọ́ lẹ́nu, kò sì pẹ́ tí ẹ̀rín fi gba orin náà lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá Ìtùnú! Ó dùn! Ẹ gbọ́ bó ṣe dùn!"

Káfíńtà la ojú. Irin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dúró ségesège ju bí wọ́n ṣe wà nínú agolo lọ. Ó wò wọ́n, kò sì ta á lójú. Ó jókòó wọ̀ọ̀ sórí èérún pákó, ó mí kanlẹ̀, omi sì bọ́ lójú rẹ̀ níṣojú àgbà, kò nù ún. Ara tù ú bí ẹni tó sọ ẹrù ọ̀nà jíjìn kalẹ̀. Kí ọ̀sán ọjọ́ Ajé tó pọ́n, ó ti wà lórí òrùlé ara rẹ̀, ó ń kan páànù, ìyàwó rẹ̀ sì ń kọ orin tí ó máa ta lọ́jọ́ ìkórè nísàlẹ̀.

Ọ̀pá irin wúrà yẹn ńkọ́? Ó fi ṣe ọwọ́ ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Ó wà níbẹ̀ dòní, ó sì dára níbẹ̀.

Ìwọ tí o dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lánàá, ìwọ ni mo sọ ìtàn yìí fún. O ní àkọ́bí rẹ di lọ́yà, àbígbẹ̀yìn rẹ di nọ́ọ̀sì, àmọ́ ti àárín wọ́, ó ń rán bàtà. O ní o ti ṣe gbogbo ohun tí bàbá lè ṣe láti tò ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo gbà. Mo rí rúlà náà lọ́wọ́ rẹ. Láti ọjọ́ Àjíǹde ni ọmọ náà kò ti wá sílé, o sì sọ fún mi pé kò burú.

Mi ò ní kí o tú u sílẹ̀ kí ó máa rìn gbéregbère. Àwọn irin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yẹn, orí pátákó kan náà ni wọ́n wà, orin kan náà ni wọ́n ń ṣe. Èyí tó bá já kúrò níbẹ̀ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bàtà tí ọmọ yẹn rán ló wà lẹ́sẹ̀ mi yìí, ọdún kẹta rẹ̀ rèé, kò tíì la ẹnu. Ojú lo fi ń wo ọmọ rẹ. Ìwọ náà, dijú.

Kí ọkàn rẹ balẹ̀, ohunkóhun kò tíì bàjẹ́ níbẹ̀. Ìdè kékeré kan ló kù láti yí, ọwọ́ rẹ ni irin ìtúdè sì wà. Lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́la. Jókòó sórí àpótí tó bá gbé fún ọ, kí o ní kí ó sọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, kí o sì pa ẹnu mọ́ títí yóò fi sọ ọ́ tán. Ìkórè ku ọ̀sẹ̀ méjì, àyè rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ lórí bẹ́ǹṣì ṣì ṣófo.